Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tí Yóò Lo Nǹkan Kọ́kọ́ Rí Àwòrán Rẹ̀

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, àwọn Káńsílọ̀, àti Ọ̀gá Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde.

Ẹ̀yin olórí wa,

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà la kọ ìwé yìí sí yín: káfíńtà, wẹ́dà, bíríkìlà, àwọn tó ń kọ pátákó ojú títì, àwọn ayàwòrán ilé, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ohun èlò. Ohun kan ṣoṣo la wá bẹ̀ yín fún. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ ìlú fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ jẹ́ kí àwọn tí yóò lò ó àti àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ rí àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn.

Orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni Akápò ẹgbẹ́ wa máa ń jókòó, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Lọ́jọ́ kan, ó lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n ti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ibẹ̀, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù, wọ́n sì ya àmì kẹ̀kẹ́ sí i. Ó wu ojú. Akápò wa gùn ún dé ìdajì, ni iwájú kẹ̀kẹ́ bá gbé sókè. Díẹ̀ ló kù kó fẹ̀yìn lulẹ̀. Ọkùnrin méjì tó ń kọjá ló sáré dì í mú.

A padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà fi sẹ̀ǹtímítà 60 ga ju ilẹ̀ lọ, mítà 2 péré sì ni gígùn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn ni pé bí ibi tí à ń gùn bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 ga, kí ọ̀nà rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ó kéré tán. Sẹ̀ǹtímítà 60 ń fẹ́ mítà 7 lé díẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti gan báyìí, owó ti lọ, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é kò sì lè gùn ún. Ká ní wọ́n fi àwòrán yẹn han Akápò wa fún ìṣẹ́jú márùn-ún, íréésà kan ni ì bá tún un ṣe.

Ẹ má rò pé ti ẹnì kan la ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí bílíọ̀nù 1.3 ènìyàn, ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé, ni ìpèníjà ara ń dí lọ́wọ́ gidigidi. Ọ̀nà tó bá sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn yóò rọ ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ́rùn, yóò rọ àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lọ́rùn, yóò rọ àwa tí a ń ti ọmọlanke tó kún fún irin lọ́rùn pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti garawa ìdalẹ̀nù tí wọ́n gbé sí ojú títì. Ẹjọ́ tí à ń gbọ́ ni pé àwọn ará ìlú kò gbọ́ràn, pé ẹ̀gbẹ́ garawa ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Mẹ́ta nínú wa lọ jókòó sí òdì kejì títì ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ń kọ ohun tí ojú wa rí. Ọmọdé kan gbé ọ̀rá ìdọ̀tí dé, ó nàgà, ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìdérí. Ìyá kan fi ìka méjì kan ìdérí náà, ó rí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó nu ọwọ́ sára ògiri, ó sì rọra gbé ọ̀rá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e kò tilẹ̀ wo garawa mọ́, ibi tí ọ̀rá wà ló da tirẹ̀ sí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ri pátákó mọ́ ibẹ̀ pé ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò sanwó ìtanràn. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Irin ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan nísàlẹ̀, tí a ó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ìdérí ṣí, ni garawa yẹn ń fẹ́.

Àpẹẹrẹ irú rẹ̀ ti wà tipẹ́. Nígbà kan, bí a bá fa agolo ohun mímu ṣí, irin kékeré ẹnu rẹ̀ a já mọ́ni lọ́wọ́, àwọn ènìyàn a jù ú sílẹ̀, a sì máa gé ẹni tí kò wọ bàtà lẹ́sẹ̀. Láti 1975 ni èyí tí kì í já kúrò lára agolo ti dé ọjà. Kì í ṣe ìwàásù nìkan ló mú kí irin náà dẹ́kun dídọ̀tí ilẹ̀, àtúnṣe agolo náà ni. Láti ọjọ́ 3 oṣù Keje 2024 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ti ń béèrè pé ìdérí ìgò ohun mímu oníke tí kò ju lítà mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ so mọ́ ìgò lẹ́yìn tí a bá ṣí i.

A kò ní purọ́ fún yín o, dìsáìnì, ìyẹn bí a ṣe ń ronú ìrísí àti ìlò nǹkan kí a tó ṣe é, náà máa ń ṣini lọ́nà. Ní gúúsù Áfíríkà, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ pé eré àwọn ọmọdé ni yóò máa fa omi: bí wọ́n bá ń yí i, omi á máa gòkè. Inú àwọn olówó dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í ṣeré látàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà àwọn ìyá ló wá ń yí i, ó sì wúwo fún wọn ju ẹ̀rọ àfọwọ́fà tí wọ́n yọ kúrò níbẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn kan bàjẹ́, kò sí ẹni nítòsí tó lè tún wọn ṣe.

Ẹ wá wo ti Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso. Ilé ẹ̀kọ́ tó yàwòrán rẹ̀ fún Gando, abúlé tí wọ́n bí i sí, parí ní 2001. Amọ̀ ibẹ̀ ló fi ṣe bíríkì, ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé òrùlé páànù ga kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá, kí ooru má baà pa àwọn ọmọ. Àwọn ará abúlé ló bá a kọ́ ọ, ọwọ́ wọn sì mọ bí a ti ń tún un ṣe. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín: bí ẹ bá fẹ́ ṣe ọgọ́rùn-ún garawa tàbí àga ìjókòó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi pákó ṣe ẹyọ kan, kí á gbé e sí ojú títì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí á wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń wo àwòrán, nítorí òun ló ń rí ohun tí ọ̀gá kì í rí. Ẹ sì jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé bóòtù tó ṣeé tú ni kí a fi de ohun tó lè bàjẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà wa ló jó irin àga tó wà ní ibùdókọ̀ pọ̀. Irin kan ṣoṣo ló ṣẹ́, gbogbo àga ni wọ́n sì kó dànù, nítorí àwòrán tí wọ́n fún un sọ pé kó jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ó ṣì ń dùn ún títí dòní.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní iṣẹ́ la ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ la ń wá, iṣẹ́ ọwọ́ wa la ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tilẹ̀ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ̀bẹ̀ yìí ṣì dúró. Láti fi hàn yín pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a ti ṣetán láti wọn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gbogbo ilé ìjọba tó wà lábẹ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí á sì yàwòrán àtúnṣe èyí tí kò bá dára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọjọ́ fún wa láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá ṣeé ṣe, kí ìpàdé náà jẹ́ ní ìsàlẹ̀ ilé, nítorí Akápò wa.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Alága ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́
Akápò ẹgbẹ́
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà