Àwòrán ọpọlọ kò lè dá ìjayà mọ̀ lára ẹnì kan

Sí Olóòtú,

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń fi gbohùngbohùn kéde ní ọjà Òkè-Àje, ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé kí ẹni tó bá ti kó sínú ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí tó bọ́ lọ́wọ́ ajínigbé wá ya àwòrán ọpọlọ, kí wọ́n lè bá a wò ó bóyá àìsàn ìjayà tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD ti wọ̀ ọ́ lára. Irọ́ ni. Kò sí ẹ̀rọ náà láyé, CT tó ń fi ìtànṣán X-ray ya inú ara ni o, MRI tó ń fi òòfà yà á ni o, tó lè wo ọpọlọ ẹnì kan kó ní PTSD rèé. Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò róorun sùn, àwọn aláṣẹ tó yẹ kó dá wọn lẹ́kun sì ń wò wọ́n níran.

Apá kejì rẹ̀ ló dun ni jù. Bí àwòrán bá jáde láìní àbàwọ́n, wọn a ní, “Kò sí nǹkan tó ṣe ọ́, máa lọ sílé.” Awakọ̀ tó ń ta jí lóru, tí àyà rẹ̀ ń já bí táyà bá bẹ́, tí kò lè gba ọ̀nà Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ mọ́, yóò wá máa rò pé ojo lòun.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ń fi àwòrán ọpọlọ wádìí àìsàn yìí. Wọ́n rí i pé amygdala, níbi tí ọpọlọ ti ń lu agogo ewu, máa ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Iwájú ọpọlọ tó yẹ kó pẹ̀tù sí i kì í lágbára tó. Hippocampus tó ń to ìrántí sì máa ń kéré díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Nínú ìwádìí 2018 tó kó àwòrán ènìyàn 1,868 jọ, tí 794 nínú wọn ní PTSD, ìyàtọ̀ náà kéré débi pé bí ẹ bá da àwòrán wọn pọ̀, ẹ kò ní lè ṣa aláìsàn kúrò lára ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Ilẹ̀ ìbejì ni ilẹ̀ wa, nítorí náà ó yẹ ká fetí sí ìwádìí tó jáde ní 2002. Ìbejì tó ti inú ẹyin kan wá ni, ní Amẹ́ríkà: ọ̀kan lọ sógun Vietnam, èkejì kò dé ojú ogun. Níbi tí PTSD ti mú ajagun náà gan-an, hippocampus èkejì kéré bákan náà. Ó jọ pé kíkéré náà ti wà kí ogun tó dé.

Ẹni tí àhàyá ìbọn bá ṣì wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú MRI láìkọ́kọ́ ya X-ray. Òòfà rẹ̀ lágbára débi pé ó lè ṣí irin nípò, ewu ńlá sì ni nítòsí ojú. Ìkéde wọn kò mẹ́nu bà á. Ní ti CT, ẹni tó fi orí gbá, tó ń bì tàbí tí kò mọ ibi tó wà, kó tètè lọ yà á, torí ó ń fi ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí hàn. Ìjayà ni kò lè fi hàn.

Ohun tó yẹ kó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni PCL-5, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ àmì PTSD wò. Ọ̀fẹ́ ni, ìbéèrè 20, kò gbà ju ìṣẹ́jú 5 sí 10 lọ. Kí nọ́ọ̀sì gba nọ́ńbà fóònù ẹni tí ìjàǹbá ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó pè é lẹ́yìn oṣù kan. Kó má ṣe ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ a máa bọ́ sípò fúnra wọn láàárín oṣù náà. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 80. Ẹni tó bá ní 31 sí 33 sókè, kó lọ rí dókítà ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, tàbí ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ṣágámù. Ajọ̀ ni ìwé náà, bí èyí tí a fi ń jọ gàrí. Dókítà ló máa sọ ohun tó kù sórí rẹ̀.

Ìtumọ̀ ìwé náà sí Yorùbá ni kí wọ́n ṣọ́. Ìbéèrè kan ń wádìí bóyá ènìyàn ń wà lójúfò ṣáá bí ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí “Ṣé o já fáfá?”, ta ni kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Kí àwọn tó gbọ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ dáadáa jókòó tì í, kí wọ́n kà á fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Kí àwọn oníkẹ́míìsì yéé ta diazepam, oògùn tó ń mú ara rọ̀, fún àwọn tí ìjayà ń bá jà. Kò wo àìsàn yìí, ó sì ń di bárakú. Ní ti gbohùngbohùn Òkè-Àje, kí àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ pa á lẹ́nu mọ́ kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé.

Òǹkàwé yín,
Ìjẹ̀bú-Òde