Ẹ̀yin ọmọ ìlú, owó yín là ń tọrọ, ohùn yín náà là ń tọrọ

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nílé lóko, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń fi oògùn yó la bá wá.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ń gbálẹ̀ yàrá ọmọ rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ bá kọ lu nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgò oògùn ikọ́ mẹ́rin ni, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Ọmọ ọ̀hún kò sì húkọ́. Ó gbé ìgò kan wá sí ìpàdé, ó gbé e ka orí tábìlì, ẹkún ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Kódéènì tí wọ́n ń fi sínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, mọ̀lẹ́bí tramadol tó jẹ́ oògùn ìrora àti heroin tó jẹ́ oògùn olóró ni. Bó bá pọ̀ jù lára, èémí ló ń dá dúró. Ẹni náà á máa hanrun, ará ilé á ní oorun àárẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, oògùn kan wà tó ń jẹ́ naloxone, tó lè dá èémí ọ̀hún padà bí wọ́n bá tètè lò ó. Mélòó nínú wa ló mọ̀? Ẹ̀kọ́ yìí la fẹ́ gbé dé ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ká kó ọmọ jọ, ká dẹ́rù bà wọ́n, ká tú ká, èmi ò gbà pé ìyẹn tó. Ní 1998, nínú 100 ọmọ ọdún 15 sí 16 ní orílẹ̀-èdè Iceland, 42 ló ti mutí yó láàárín oṣù kan péré. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti dín kù sí 5. Àwọn òbí jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ìjọba náwó sórí eré ìdárayá àti orin, òfin sì ká ọmọdé lọ́wọ́ kò kí wọ́n má máa rìn lóru.

Nítorí náà, owó yín la ó fi dá òbí àti olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, òun náà la ó fi wá ibi tí àwọn ọmọ á ti máa ṣeré láti ìgbà tí ilé ìwé bá ti parí títí òbí á fi dé. A ó sì fi gba agbẹjọ́rò tó máa bá wa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aṣòfin: kí ẹnikẹ́ni má ta kódéènì láìsí ìwé dókítà, kí ẹni tí oògùn ti di bárakú fún sì rí ìtọ́jú dípò ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn ní 1987 fún ìgbógunti oògùn olóró, la fẹ́ gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ fún akápò ní ohun tí agbára yín bá ká. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò bá tẹ owó, kó wá fọwọ́ sí ìwé náà. Ìyá ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Àyè pọ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́