Ọrùn Títílayọ̀ kò dọ̀tí

Bódìjà, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí ìwé skáàn Títílayọ̀, àbúrò rẹ, tí o fi ránṣẹ́. O ní gbogbo ilé ń sunkún pé "cyst" kún ilé ẹyin rẹ̀, pé wọ́n á là á nínú. Ẹ nu omijé nù. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni fẹ́ yọ níbẹ̀. Àpò ẹyin wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń rí nínú ìṣòro họ́mọ̀nù obìnrin tí wọ́n ń pè ní PCOS. Lóṣooṣù, ó yẹ kí ọ̀kan dàgbà tó nǹkan bí 20 mílímítà, kó bẹ́, kí ẹyin jáde. Tirẹ̀ dúró sójú kan, láàárín 2 sí 9 mílímítà, wọ́n wá tò yí etí ilé ẹyin ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.

Wo ti ọ̀tún: 4 × 3 × 2.5 sẹ̀ǹtímítà. Sọ wọ́n di púpọ̀, pín in sí méjì, 15 mílílítà. Bó bá ti dé 10, ó tóbi. Ní ti kíka àpò inú ilé ẹyin kan, 12 ni àwọn dókítà fẹnu kò sí lọ́dún 2003. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí ń rí wẹ́wẹ́ tí ti àtijọ́ kì í rí, ni wọ́n ṣe gbé e sí 20. Àmọ́ orí ikùn ni wọ́n ti wo Títí, kì í ṣe láti ojú ara, torí kò tíì mọ ọkùnrin. Kíka kì í dájú níbẹ̀, ìwọ̀n ni kí ẹ dì mú.

Ara rẹ̀ kúkú ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹ̀rọ. Ọrùn dúdú tí Màmá ń fi kànìnkànìn ha lójoojúmọ́ yẹn, ìdọ̀tí kọ́. Fọwọ́ kàn án: ó nípọn, ó rọ̀ bí aṣọ àrán, abíyá rẹ̀ náà á rí bẹ́ẹ̀. Ínsúlínì, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà, tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú awọ ibẹ̀ hù sí i. Ínsúlínì yìí kan náà ló ń ti ilé ẹyin láti pèsè họ́mọ̀nù akọ, òun ló gbé irùngbọ̀n àti ìrorẹ́ párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá. Bí wọ́n bá ṣe ń ha á ni yóò máa nípọn. Ìpara àpòpọ̀ ọjà Dùgbẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi pa á ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, rárá! Bí steroid, oògùn tí wọ́n máa ń pò mọ́ ìpara bíbóra, bá wà nínú rẹ̀, òun gan-an ń hu irun àti ìrorẹ́, dókítà ò sì ní mọ èwo ni èwo.

Skáàn nìkan kì í dá ẹjọ́ yìí. Obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè ní irú ilé ẹyin bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó pè é ní PCOS, méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n ń wá: nǹkan oṣù tó ń ségesège, àmì họ́mọ̀nù akọ, àti skáàn. Títí tó ń rí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, tó tún ń fá àgbọ̀n, ti ní méjì láìsí skáàn. (Skáàn Bísọ́lá, ọmọbìnrin kékeré ilé yín, tí ẹ tún fẹ́ lọ yà, ẹ fi owó yín pamọ́. Kò tíì pé ọdún mẹ́jọ tó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ilé ẹyin ọmọ ọjọ́ orí yẹn sábà máa ń kún bẹ́ẹ̀.)

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn UCH, kí Títí má fárùngbọ̀n fún ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, kí dókítà lè rí irun náà. Kí wọ́n yẹ tíróídì àti họ́mọ̀nù wàrà wò, torí àwọn náà lè da nǹkan oṣù rú. Ti ṣúgà, kó gbààwẹ̀ mọ́jú, kó mu glúkóòsì gíráàmù 75, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí nǹkan oṣù bá tún kọjá oṣù mẹ́ta, kó bèèrè oògùn tí yóò mú un wá, kí inú ilé ọmọ má baà nípọn jù.

Fi èsì ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ bó bá ti jáde.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́