Funfun Orí Rélùwéè Kì Í Ṣe Èéfín

Sí Olóòtú,

Òkun o. Àwòrán rélùwéè elédùú tí ẹ gbé jáde ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Kàbà níbí. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi lẹ funfun rẹpẹtẹ yẹn mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ooru omi ni, kì í ṣe èéfín. Ẹ wo kẹ́tùlù tó ń hó: ẹnu rẹ̀ gan-an mọ́ gaara, ó di iwájú díẹ̀ kó tó funfun, torí afẹ́fẹ́ tútù ló ń sọ ooru di ẹ̀kán omi wínníwínní. Bí òtútù bá ṣe mú tó ni funfun náà ṣe ń ki tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán fi ń dá ìgbà òtútù lọ sí Òkè Jingpeng ní Ṣáínà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì elédùú méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní QJ, ṣì ń jọ fa ọkọ̀ ẹrù gòkè lójú irin Jining sí Tongliao. Oṣù Kejìlá 2005 ni iṣẹ́ yẹn dópin. Ní ti èéfín dúdú, èédú tí kò jó tán ni.

Ibi téèyàn dúró sí ju kámẹ́rà lọ. Kó ya á kí ọkọ̀ tó dé góńgó òkè. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, awakọ̀ á sé ooru, funfun á tán. Apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ni kó dúró sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Oòrùn àárọ̀ tó ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ ló ń fi táyà ńlá mẹ́wàá QJ hàn. Tọ̀sán á sọ wọ́n di òkùnkùn.

Yìnyín máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á jáde bí eérú. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ stop kan sí kan àbọ̀ kún un (stop kan ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì), kí ẹ sì ti fọwọ́ tò ó kí ọkọ̀ tó yọ, torí ẹ́ńjìnnì dúdú á tún ṣì í lọ́nà sí òdìkejì. Kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá ti tó fún ọkọ̀ tó ń gòkè. Abẹ́ aṣọ, nítòsí ara, ni kí bátìrì kejì wà, kí òtútù má bàa gba agbára rẹ̀. Ẹ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kí ẹ tó wọ ilé tó móoru, kí ìrì má bàa bo dígí rẹ̀.

Ohun tó dùn wá ni pé ẹ ò kọ ibi tàbí ọdún kankan sábẹ́ àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè pè é ní ayédèrú nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá tún gbé òmíràn jáde, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ọjọ́ náà, àti ibi tí ọkọ̀ kọrí sí.

Òǹkàwé yín,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí