Kérésì ò tíì dé o, ẹ jẹ́ ká dúró dè é

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Àwọn kan lè ní àgbàlagbà ló tún ń ráhùn, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà bá mi gbé e jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra aṣọ ní Balógun, Nòfẹ́ńbà ò tíì tán, orin Kérésì ti gba gbogbo títì láti Ìdúmọ̀tà títí dé Broad Street, ọmọkùnrin kan dé fìlà Bàbá Kérésì nínú oòrùn tó ń jóni lágbárí, òógùn bò ó, ó ń ta bánga lábẹ́ aṣọ. Alhaja tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ wá bi mí pé, "Ìyá Kúáyà, ṣé Kérésì yín ti dé ni?" Mo ní rárá o, ó kù díẹ̀ kó pé oṣù kan. Ó ní, "Ẹ̀yin mà ń gbádùn o, àwa kì í ṣọdún ìtúnu kóṣù tó lé." Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ mọ́tò dé Èbúté Mẹ́tà.

Torí ó sòótọ́. Ṣebí àwa náà ní àsìkò tá a fi ń dúró de Kérésì, Ádífẹ́ǹtì, tí àwọn ìyá wa ń pè ní Ìgbà Bíbọ̀. Sọ́ńdè mẹ́rin ni, a máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Sọ́ńdè tó bá sún mọ́ ọjọ́ Áńdérù Mímọ́, 30 Nòfẹ́ńbà, ibẹ̀ gan-an lọdún ìjọ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Jánúárì. Láyé àtijọ́ ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà, àwọn Kristẹni Orthodox ti ìlà-oòrùn ṣì ń gba tiwọn di òní, ogójì ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí àwa Áńgílíkà àti àwọn Àgùdà fi ń ta aṣọ elésè-àlùkò sórí pẹpẹ, aṣọ ìrònúpìwàdà ni, kì í ṣe pupa àti gíríìnì inú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún tó kọjá àlejò kan rí aṣọ yẹn, ó rọra bi mí létí pé ta ló kú.

Àbẹ́là mẹ́rin náà wà ńbẹ̀, à ń tan ọ̀kan kún un ní Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́ẹ̀kẹta lè jẹ́ píǹkì torí Sọ́ńdè ayọ̀ nìyẹn, ká lè mọ̀ pé ìdúró ò fẹ́ẹ̀ pẹ́ mọ́. Jámánì làṣà yẹn ti wá. Pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Wichern ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìní ní Hamburg, àwọn ọmọ yìí ò jẹ́ kó sinmi, ìgbà wo ni Kérésì, ìgbà wo ni Kérésì, ló bá wá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onígi kan ní 1839, ó to àbẹ́là yí i ká kí wọ́n máa fi ka ọjọ́. Ẹ ò rí i pé torí ẹni tí ò lè dúró ni wọ́n ṣe ṣe é. Ní ìjọ kan tí mo mọ̀ dáadáa (mi ò ní dárúkọ, mo ṣì ń kọrin ńbẹ̀), wọ́n gbé àbẹ́là wọ̀nyẹn lọ sí fẹ́sírì, yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ ìsìn, ní Sọ́ńdè kejì, wọ́n ní spíkà kárọ́ọ̀lù ló fẹ́ jókòó síbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Jòhánù Onítẹ̀bọmi ló ni Sọ́ńdè kejì àtìkẹta, orí ẹ̀ la sì ń fò kọjá. Jòhánù dà bíi kọ̀ńdọ́ tó ń pariwo kẹ́ ẹ tó wọlé pé ẹ mú ṣéńjì yín dání o, tẹ́ ẹ bá fi máa jókòó tán kẹ́ ẹ tó wá a, ìjà ni. Ẹ lọ ka Lúùkù orí kẹta. Àwọn èèyàn bi í pé kí ni kí àwọn ṣe, kò ní kí wọ́n lọ ra lace o, ó ní ẹni tó bá lẹ́wù méjì kó fún ẹni tí ò ní. Àwọn agbowó-òde dé, ó ní kí wọ́n má gbà ju iye tí wọ́n ní kí wọ́n gbà. Àwọn sójà náà dé, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fipá gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò sì gbọdọ̀ purọ́ mọ́ èèyàn, kí owó oṣù wọn tó wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kì í ṣe àwa? Dìsẹ́ńbà lowó mọ́tò láti Oyingbo sí Ọbaléndé máa ń fò sókè bí ẹyẹ, òun náà lagbèrò máa ń ní "Ẹ ṣe Kérésì wa", tòmátì á gun òkè, àwa tá à ń tajà náà á fowó lé e, ká tó wá wọṣọ funfun lọ kọ "A bí ọmọ kan fún wa". Èmi náà ṣe é rí, mo tajà ní ìlọ́po méjì iye ẹ̀ ní ọjọ́ 23, mi ò lè purọ́.

Ó wá yani lẹ́nu pé ẹni tí ò lè dúró dè é náà kì í bá a jókòó tó bá dé. Ní 26 ẹ ó rí igi Kérésì lórí ààtàn, rédíò á ti yí orin padà, gbogbo èèyàn ti kọjú sí kírọ́sóófà, ìsìn àìsùn ọdún tuntun. Bẹ́ẹ̀ 25 la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjìlá ni, ó di 6 Jánúárì, ọjọ́ Ìfarahàn, ká tó sọ pé ó parí.

Ẹ̀yin náà ò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ o, Olóòtú, ìkíni Kérésì ti kún ìwé ìròyìn yín báyìí, tó bá di 27 ẹ ò ní rántí mọ́. Ẹ fi ojú ewé kan pamọ́ fún wa di Jánúárì. Tèmi ni pé ọjọ́ 28 ni mo máa gbé ìrẹsì Alhaja lọ bá a ní Balógun, tó bá bi mí pé ṣé Kérésì yín ò tíì tán ni, màá ní kò tíì tán.

Èmi ni,
Ìyá Kúáyà,
Èbúté Mẹ́tà, Èkó.