Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ẹ̀kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì àti ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Inú èmi àti ìyá rẹ dùn láti gbọ́ pé o ti rí ibùsùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ yín, pé ara rẹ sì le. Nínú ohun tí o kọ sí wa, gbólóhùn kan wà tí mo kà ní àkàtúnkà. O ní láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, wáyà, rìlé àti kọntákítọ̀ (àwọn súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tí ó sì ń pa) nìkan ni wọ́n ń kọ́ yín, pé wọn kò tíì jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan apá rọ́bọ́ọ̀tì tí ó wà nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù, àti pé ó ń ṣe ọ́ bí ẹni pé wọ́n ń fi àkókò yín ṣòfò. Gbólóhùn yẹn ni mo jókòó ní Àkúrẹ́ níhìn-ín láti dáhùn.

Wọn kò fi àkókò yín ṣòfò. Rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ gidi nínú ilé-iṣẹ́ ńlá ni Unimate, tí General Motors gbé sí ilé-iṣẹ́ wọn ní New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 1961. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé irin gbígbóná jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ́ irin sí àpẹẹrẹ tí wọ́n bá fẹ́, iṣẹ́ tí ó léwu fún ẹni ẹlẹ́ran ara. Ohun tí ó yí iṣẹ́ inú ilé-iṣẹ́ padà jù, lójú tèmi, kì í ṣe apá irin yẹn. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, General Motors yìí kan náà wà nínú ìṣòro mìíràn. Àwọn páńẹ́lì tí ó ń darí ẹ̀rọ wọn kún fún rìlé àti wáyà bí igi tí ẹyẹ ẹ̀gà kọ́lé sí, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sì fẹ́ yí irú ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe padà, àwọn rẹ́wáyà ní láti tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un so láti ìbẹ̀rẹ̀. Dick Morley, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Modicon 084, ọ̀kan lára àwọn PLC àkọ́kọ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí ẹ̀rọ, tí ó jẹ́ pé ètò inú rẹ̀ ni ènìyàn yóò yí padà, tí wáyà yóò sì dúró bí ó ṣe wà. Nítorí pé àwọn rẹ́wáyà ni yóò máa lò ó, wọ́n mú kí ọ̀nà tí a ń gbà kọ ètò náà jọ àwòrán rìlé tí wọ́n ti mọ̀ kà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yín ní ladder, orúkọ tí a ń pe ọ̀nà ìkọ̀wé ètò yẹn, ìwọ yóò rí i pé àwòrán rìlé tí ó sú ọ lónìí ni, tí wọ́n kàn gbé sójú kọ̀ǹpútà.

Wo pọ́mpù kànga ilé wa. Bí omi táǹkì bá fà, ohun tí ó léfòó nínú rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀, á pa ojú wáyà pọ̀, kọntákítọ̀ á fà, pọ́mpù á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí táǹkì bá kún, yóò já a, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. PLC tí ó ń darí odindi ilé-iṣẹ́ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí náà ni. Ó ń ka ohun tí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tí ń ṣe bí ojú àti etí fún ẹ̀rọ, sọ, ó ń gba inú ètò tí a kọ sí i kọjá, ó ń pàṣẹ fún mọ́tò àti fáàfù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo.

Ohun tí mo fẹ́ kí o tìtorí rẹ̀ lo gbogbo ọdún tí o máa lò níbẹ̀ ni bí a ṣe ń wá ìdí tí ẹ̀rọ fi dúró. Ẹni tí ó lè mú kí ẹ̀rọ tuntun rìn pọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó lè dúró níwájú ẹ̀rọ tí ó ti kú ní òru, tí àwọn ọ̀gá ń wò ó, tí yóò sì fi sùúrù tọpasẹ̀ ẹ̀bi títí yóò fi bá a, kò pọ̀ rárá. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rọ ohun mímu sínú ìgò, ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójijì láìnídìí tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà dáadáa so laptop mọ́ PLC, wọ́n yí àkókò inú ètò padà, ẹ̀rọ kò gbọ́. Wọ́n pààrọ̀ káàdì, kò gbọ́. Obìnrin tí ó máa ń dúró ti ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ ni ó wá sọ pé iná kékeré tí ó wà lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ kan kì í ṣẹ́jú mọ́ bí ìgò bá ń kọjá. Omi ọṣẹ tí wọ́n ń wọ́n sórí ohun tí ń gbé ìgò kiri, kí ìgò lè máa yọ̀ lọ geerege, ti ta sójú dígí tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ sẹ́ńsọ̀ padà, ó sì ti gbẹ mọ́ ọn. Aṣọ tútù ni a fi nù ún, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń dúró, kò sí ẹni tí ó bi obìnrin náà léèrè ohunkóhun.

Nítorí náà, má sáré sí kọ̀ǹpútà. Kọ́kọ́ bi ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ léèrè ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ kí ó tó dúró, kí o sì bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ó ti fi etí àti ojú mọ ẹ̀rọ yẹn ju ìwé lọ. Lẹ́yìn èyí, wo iná ara sẹ́ńsọ̀. Bí ó bá ń tàn bí ó ṣe yẹ, wo iná ojú ibi tí wáyà rẹ̀ ti wọ PLC. Bí èyí náà bá tàn, wo ibi tí àṣẹ ti ń jáde. Bí àṣẹ bá ti jáde tí mọ́tò kò sì yí, a jẹ́ pé ẹ̀bi wà láàárín ibẹ̀ sí mọ́tò, bóyá fíùsì ni, bóyá kọntákítọ̀ tí ojú rẹ̀ ti jó, bóyá súkúrú kan ṣá ni tí gbígbọ̀n ẹ̀rọ ti tú. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ti ràn ọ́ lọ́wọ́ sílẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí ó ń wọn ooru tàbí ìwọ̀n omi sábà máa ń fi iná tí ó wà láàárín 4 sí 20 mA (mílíáḿpù, ìwọ̀n iná kékeré) ránṣẹ́ sí PLC, wọn kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti òdo, kí ó lè jẹ́ pé bí wáyà bá já, òdo tí PLC rí yóò fi hàn pé ìṣòro wà, tí kò ní rò pé táǹkì ló ṣófo. Bákan náà ni bọ́tìnì tí a fi ń dá ẹ̀rọ dúró: wáyà rẹ̀ máa ń so pọ̀ nígbà gbogbo, tí ó fi jẹ́ pé bí eku bá gé e, ẹ̀rọ yóò dúró fúnra rẹ̀. Bi àwọn olùkọ́ yín léèrè irú nǹkan báwọ̀nyí. Mo mọ̀ pé inú wọn yóò dùn.

Nǹkan kan wà tí ìwé tí wọ́n kọ ní Jámánì tàbí Japan kò ní tẹnu mọ́ tó bí ó ti yẹ fún wa níhìn-ín. Ìwọ náà mọ bí iná ṣe máa ń ṣe ní àdúgbò wa, bí fésì kan ṣe lè lọ tí méjì á kù. Mọ́tò fésì mẹ́ta tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí méjì yóò máa kùn, yóò gbóná, yóò sì jó, àfi bí ohun tí ń ṣọ́ fésì bá wà nínú páńẹ́lì tí ó tètè já a. Bí iná bá sì lọ pátápátá tí ó tún dé, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dédé gbéra, nítorí ọwọ́ ẹnìkan lè wà nínú rẹ̀. Stáátà tí wọ́n ń kọ́ yín láti so, èyí tí kọntákítọ̀ fi ojú kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ara rẹ̀ mú lẹ́yìn tí o bá ti jáwọ́ lára bọ́tìnì, ìdí kan pàtàkì tí wọ́n fi ń so ó báyìí nìyí: bí iná bá lọ, yóò jáwọ́, kò sì ní fà mọ́ títí ènìyàn yóò fi tún tẹ bọ́tìnì. So ó títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ̀ ọ́n láìwo ìwé.

Mo wá dé ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí gẹ́gẹ́ bí bàbá. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Iná 415 volt ni ó wà nínú páńẹ́lì fésì mẹ́ta, kì í sì í fún ènìyàn láyè àlàyé. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pa á láti ibi tí iná ti ń wá, fi àgádágodo tìrẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò tìrẹ, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, fi mítà wọ̀n ọ́n kí o lè rí i dájú pé kò sí iná níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tí ń darí eré mọ́tò máa ń fi iná pamọ́ sínú lẹ́yìn tí a ti pa á, nítorí náà dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí konpurẹ́sọ̀ ti fún pọ̀ sínú páìpù lè ti irin jáde bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ti lọ. Ní ti apá rọ́bọ́ọ̀tì tí ojú rẹ ń wọ̀ yẹn, bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, má gbà pé ó ti parí iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ń retí àṣẹ kan ni. Nígbà tí ènìyàn bá wà nítòsí rẹ̀ láti kọ́ ọ ní ìrìn, ìlànà àgbáyé kò gbà kí eré rẹ̀ ju mìlímítà 250 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fo ìlànà yìí kí iṣẹ́ lè yá, kọ̀ fún un, ìbáà jẹ́ ọ̀gá. Di irun rẹ mọ́ra, bọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka sílé, má sì wọ ìborùn wọ wọ́kíṣọ́ọ̀bù.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé àwọn kan bi í lọ́jà pé ṣé owó yunifásítì ni kò sí ni ọmọ ṣe lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́, nígbà tí FUTA wà nítòsí ilé. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn gbé ọ lọ́kàn. Ìwé-ẹ̀rí NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́-ọwọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣílẹ̀kùn sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bí o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, ìwọ yóò sì ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí o tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n má fi ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣeré. Apá rọ́bọ́ọ̀tì tí ó ní oríkèé mẹ́fà kò lè mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà láìsí sine àti cosine.

O tún béèrè bóyá rọ́bọ́ọ̀tì yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Èmi kò ní tàn ọ́: ẹ̀rọ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, pàápàá àwọn tí ń gbé ẹrù. Apá rọ́bọ́ọ̀tì kò tíì pọ̀ nílẹ̀ wa. PLC, pọ́mpù àti mọ́tò ni ìwọ yóò bá ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ọbajana ní Kogi tàbí ilé ọtí Iléṣà. Níbikíbi tí o bá dé, rántí obìnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun wá, bá àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kọ́ wọn ní ohun tí o mọ̀, kí o sì máa sọ fún ọ̀gá pé irú wọn wúlò nídìí rẹ̀.

Mo ti fi owó mítà ránṣẹ́ sí ọ. Má ra olówó pọ́ọ́kú tí wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Wo ara rẹ̀ dáadáa kí o rí i pé wọ́n kọ CAT III àti 600V (irú iná tí ó lè fara dà láìséwu) sí i, kí o sì fi han olùkọ́ yín kí o tó sanwó. Bí owó bá ṣẹ́kù, fi ra àgádágodo. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀, ó ní gààrí àti ata gígún ń bọ̀ lọ́jọ́ tí a bá wá kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ.