Lẹ́tà sí ìyá ọkọ mi ní Ẹ̀pẹ́

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú wàhálà ọjà. Mo mọ̀ pé ọmọ yín ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí lórí fóònù, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má fo ìlà kankan. Mo kọ ọ́ síbi tí àwọn ìyálọ́mọ mìíràn yóò ti rí i, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé púpọ̀, ní Ìkòròdú níbí àti lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, tí ìyàwó àti ìyá ọkọ á sì máa yan ara wọn lódì títí ọmọ fi ń lọ síléèwé. Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún wa.

Àkànní ń kí yín. Ara rẹ̀ le, ẹyinjú rẹ̀ funfun. Ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn báyìí, kì í ṣe ẹ̀rín ojú oorun mọ́. Tí mo bá pè é ní oríkì tí ẹ fún un, á dákẹ́ ẹkún, á máa yíjú kiri. Èmi mọ̀ pé ohùn yín ló ń wá, nítorí mi ò mọ oríkì ilé yín kì bíi tiyín.

Ìyá, láti ìgbà tí ẹ ti padà sí Ẹ̀pẹ́ ni ọkàn mi ò balẹ̀. Ogójì ọjọ́ la jọ sọ pé ẹ máa lò. A sọ ọmọ lórúkọ tán báyìí, ẹ ní àwọn oníbàárà yín ní ọjà Olúwo ń wá yín, ẹ gbéra. Mo rí yín bí ẹ ṣe ń di ẹrù. Ẹ ò bínú. Ó dà bíi pé ẹ̀rù ń bà yín láti fọwọ́ kan ọmọ. Láti ọjọ́ tí a gbé Àkànní lọ sílé ìwòsàn nítorí ibà pọ́njú, tí dókítà sì béèrè ọ̀rọ̀ káńfọ̀ tó wà lára aṣọ tí ẹ kó wá fún un, ni ẹ ti dákẹ́. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́: ẹ ò ṣe ọmọ mi ní ibi kankan.

Àwọn aṣọ yẹn, aṣọ tí ọmọ yín fúnra rẹ̀ wọ̀ nígbà tó wà ní ìkókó, tí ẹ tò sínú àpótí tí ẹ sì da káńfọ̀ sí kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, ìyá mélòó ló ń tọ́jú aṣọ ọmọ títí ọmọ náà fi di bàbá? Ìfẹ́ ni ẹ kó wá fún wa. Káńfọ̀ nìkan ni kò yẹ kó wà níbẹ̀, ta ló sì sọ fún yín rí? Orí àtẹ kan náà ni wọ́n ti ń tà á pẹ̀lú aṣọ ìkókó ní ọjà. Obìnrin kan nínú ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ abẹ́ ahọ́n, pé kí n ṣọ́ra fún aṣọ tí àgbà bá gbé fún ọmọ tuntun. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kò sì tún dá irú rẹ̀ sọ mọ́.

Ẹ ò sí nínú yàrá nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé, ìta lẹ wà tí ẹ ń gbàdúrà. Ohun tó sọ nìyí. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa kó má baà fọ́. G6PD ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan wà tí tiwọn kò tó láti inú oyún wá. Ara wọn á yá gágá, wọn ò tilẹ̀ ní mọ̀, àfi tí nǹkan kan bá kan ẹ̀jẹ̀ náà tó ń fọ́ ọ. Káńfọ̀ wà lára nǹkan wọ̀nyẹn. Kò di ìgbà tí ọmọ bá kó o sẹ́nu. Èyí tó wà lára aṣọ, tó ń gba imú àti awọ ara wọlé, ti tó. Ohun tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yẹn ló mú kí ojú Àkànní pọ́n bí ìyeyè. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì lágbára tó láti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Tó bá pọ̀ lápọ̀jù, ọpọlọ ló ń gùn lọ, ibẹ̀ ló ti ń sọ ọmọ di adití, tàbí ọmọ tí kò ní lè gbé orí rẹ̀ dúró títí ayé. Ó ń pa òmíràn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mi ò rí àyè sọ fún yín kí ẹ tó lọ. Ọmọkùnrin kì í gba àìtó G6PD lọ́dọ̀ bàbá. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń gbà á. Ọ̀dọ̀ mi ni. Èmi tí n kò ṣàìsàn gidi kan rí ni mo gbé e pamọ́ sára, tí mo sì bí i mọ́ ọmọ mi láìmọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni àpótí ti wá, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀jẹ̀ ti wá, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú àwa méjèèjì. Kí ló dé tí ẹ̀yin nìkan á fi máa ru ẹrù rẹ̀ kiri ní Ẹ̀pẹ́?

Kì í sì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní in. Ibi tí ibà ẹ̀fọn bá ti pọ̀ náà ló ti ń pọ̀, nítorí ó máa ń dín agbára ibà kù. Ẹ wo iye ọkùnrin tó jókòó níbi ìsọmọlórúkọ wa. Ó dájú pé ó wà lára àwọn kan níbẹ̀ tí wọn ò sì mọ̀. Tiwa ti hàn síta, ó sàn bẹ́ẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, kí a tó ra oògùn kankan fún un, ìbáà jẹ́ ti ibà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó ni. Róòbù náà, nọ́ọ̀sì ní kí a má fi pa á lára.

Ẹ rántí pé ẹ ní ká gbé e sí oòrùn àárọ̀, tí mo kọ̀, tí mo ní ilé ìwòsàn là ń lọ. Mo padà béèrè. Dókítà náà ní ọ̀rọ̀ oòrùn tí àwọn àgbà ń sọ kì í ṣe irọ́, pé ìmọ́lẹ̀ tó ń wo ibà pọ́njú wà nínú oòrùn lóòótọ́. Ní Èkó níbí, wọ́n ti dán an wò: wọ́n ta ìbòrí kan sókè tó ń sẹ́ oòrùn kó tó kan ọmọ, wọ́n sì ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ara gbígbóná rẹ̀ léraléra. Ọdún 2015 ni àbájáde rẹ̀ jáde, ó sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ oòrùn ẹ̀yìnkùlé lásán, kò sí ẹni tó lè mọ bó ṣe tó, àkókò á sì ti kọjá kí a tó mọ̀ pé kò tó. Iná búlúù tí wọ́n tẹ́ ẹ sí lábẹ́, tí ẹ̀rù rẹ̀ bà yín, iṣẹ́ oòrùn yín náà ló ń ṣe, ó kàn ní ìwọ̀n ni. Nítorí náà, ìyá tó bá ń ka èyí, tí ojú ọmọ rẹ bá pọ́n, pàápàá láàárín wákàtí 24 tí o bí i, má dúró de oòrùn ọ̀la. Ojúmọmọ ni kí o ti wò ó, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ẹyinjú àti erìgì ló ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ omi ló kù, òun ló sì gùn jù láàárín wa. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń sọ fún ọmọ yín ní pálọ̀ pé, “Ṣé ọmọ ènìyàn á wá máa mu ọmú láìmu omi, nínú ooru yìí?” Àánú ọmọ ló ń ṣe yín. Ìyá mi, omi ló pọ̀ jù nínú ọmú. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 87 ló jẹ́ omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó jẹ́ ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Ikùn ìkókó kéré. Omi tó bá wọ ibẹ̀ ti gba àyè ọmú, ọmú tí ọmọ ò bá sì fà, ńṣe ló ń dín kù. Gúlúkóòsì tí wọ́n ní ó ń fọ ibà pọ́njú náà, kò fọ ohunkóhun. Inú ìgbẹ́ ni ohun tó ń mú kí ojú ọmọ pọ́n ń bá jáde, ọmú àmuyó ló sì ń mú ọmọ yàgbẹ́. Ẹ tún wo kànga ilé wa, ẹ wo bó ṣe sún mọ́ sọkawé tó. Àwa tí a dàgbà ń mu pió wọ́tà nítorí rẹ̀.

Ẹ lè máa rò pé gbogbo ohun tó bá ti wá láti ọ̀dọ̀ òyìnbó ni mo ń gbà. Rárá o. Láti ìparí ọdún 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn eyín ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ tó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè yìí. Inú ìgò ló wà, ó ní lébẹ́ẹ̀lì, kẹ́míìsì ni wọ́n ti ń rà á. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀, ó sì ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́. Èyí kì í ṣe àgbo. Ohun tó bá máa wọ ẹnu ọmọ tí kò tíì lè sọ ibi tó ń dùn ún, mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó, ìbáà jẹ́ ti ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ ti kẹ́míìsì. Ẹni tó ta àgbo fún yín kò lè sọ ewé tó wà níbẹ̀ tán.

Mo mọ̀ pé gìrì ló ń bà yín lẹ́rù. Ẹ ti sọ fún mi nípa àbúrò ọmọ yín tí gìrì gbé lọ, mo sì rí bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ẹ ń sọ ọ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré láéláé. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń rẹ tábà sí fún gìrì máa ń mú kí ṣúgà inú ara ọmọ já wálẹ̀, ọmọ á sùn lọ fọnfọn, wọ́n á rò pé gìrì ti lọ. Tí ara ìkókó tí kò tíì pé oṣù méjì bá gbóná, ilé ìwòsàn ni, kódà kó jẹ́ òru. Tí gìrì bá dé pẹ́nrẹ́n, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ká fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ká má ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ká má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ká gbé e, ó di ilé ìwòsàn.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀. Ta ló lè wẹ ọmọ bíi tiyín? Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ tẹ́ ẹ sí i, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín tọ́ omi wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ọmọ tó ti ń ké láti ìdájí á dákẹ́ wẹ́lo. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, ẹkún ló fi ń gba omi lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ́. Nígbà tí wọ́n fún wa ní jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine pé òun nìkan ni kí a máa fi sí i, kí a sì ṣọ́ra kó má kan ojú ọmọ, ẹ ò jà. Ẹ gbé omi gbígbóná tí ẹ fẹ́ fi jó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ní ìgbà ti yí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwa méjèèjì lè jọ tọ́ ọmọ yìí.

Òru ni mo ń ṣàárò yín jù. Alẹ́ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, ara rẹ̀ gbóná, mo pe ilé ìwòsàn, a tún gbé e padà lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ni. Síbẹ̀ mo jókòó tì í tí mo ń ka èémí rẹ̀. Wọ́n ní tó bá ti tó 60 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí àyà rẹ̀ ń wọnú, kí a má pẹ́ nílé. Ọmọ yín ń sùn. Ẹ̀yin ni ì bá bá mi jí. A ti ní kí àwọn aládùúgbò gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn tó wà nínú èéfín rẹ̀ ń pani lójú oorun; ẹnìkan ṣì ń ṣagídí, ẹ̀yin ló máa gbọ́ tiyín. Ẹ̀yìn ni Àkànní fi ń sùn báyìí, kì í dojú bolẹ̀ mọ́, inú àwọ̀n ẹ̀fọn tí ẹ rà ni.

Mò ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tó ń bọ̀. Obìnrin kan ládùúgbò ní òun á máa bá mi tọ́jú rẹ̀, mi ò tíì dá a lóhùn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún. Mo ti ń fún ọmú pamọ́, mo ra kúlà tí a ó máa gbé e sí pẹ̀lú yìnyín nítorí iná wa. Èyí tí ẹ bá gbé síta kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí mẹ́rin, ife kékeré ni kí ẹ máa fi fún un. Kò sí omi, kò sí àgbo. Tí ẹ bá fọwọ́ sí èyí, ọkàn mi á balẹ̀ níbi iṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹwàá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dé kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ bá wa mú ẹja gbígbẹ wá, ti èmi ìyá ọmọ, ọbẹ̀ mi ò dùn mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ọ̀nà Itóìkín máa ń dí tó bá ti di ọ̀sán, ẹ wọ ọkọ̀ àárọ̀. Tí ẹ bá ti kọjá Ìmọ̀ta, ẹ pe ọmọ yín kó wá dúró dè yín ní gáréèjì.

Èmi ni ìyàwó yín,
Ìyá Àkànní,
Ìgbógbó, Ìkòròdú.